Ilà Ara Aláǹtakùn

Fi sálúbàtà yẹn sílẹ̀, ọmọ mi. Mo ní, fi í sílẹ̀. Aláǹtakùn tí o fẹ́ lù pa yẹn kò lọ síbì kankan. Ó ti wà lára ògiri yẹn láti ìgbà tí ìyá rẹ ti ń ro ọkà, ojú mi sì ń bẹ lára rẹ̀. Wá jókòó síbí. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ bá mi ti igi yẹn wọlé kí iná má bàa kú. Ọyẹ́ ti mú lọ́dún yìí, ètè gbogbo yín ti bó, ẹ fi òrí pa á. Iṣu ti wà nínú ẹyin iná, kò tíì jinná. Kó tó jinná, mo fẹ́ sọ ohun ìyanu fún yín.

Àlọ́ kọ́ ni o. Àwọn Ewé tó ń bá wa gbé ní Anié níbí, ní ilẹ̀ Togo, máa ń pa àlọ́ Ayiyi, àwọn Akan ilẹ̀ Ghana ní Ananse tiwọn, aláǹtakùn sì ni àwọn méjèèjì, arékérekè tó ń fi ọgbọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tó lágbára jù ú lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní ilẹ̀ Nàìjíríà gbé ọgbọ́n yẹn fún Ìjàpá ní tiwọn, wọ́n wá fi iṣẹ́ ọwọ́ aláǹtakùn sọ ọ́ lórúkọ: ẹni tó ń ta okùn. Èyí tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí kò sí nínú àlọ́. Ojú mi ló rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí ojú mi kò rí, ọmọ àbúrò mi tó kọ́ ìmọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Lomé ló kà á fún mi, tó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí lórí fóònù, títí mo fi gbà.

Ẹ̀yin kò bá ilà ojú mọ́. Nígbà tí mo kéré, bí àlejò bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Lomé, bàbá mi kì í bi í pé ọmọ ibo ni. Á kàn wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àbàjà ni? Pélé ni? Gọ̀ǹbọ́ ni? Ilà á ti sọ̀rọ̀ kí àlejò tó la ẹnu, bàbá mi á sì ti mọ bí yóò ṣe kí i. Aláǹtakùn náà kọlà. Ẹlẹ́dàá ló kọ ọ́ fún un: ó kọ ti òmíràn sí iwájú orí, ó kọ ti òmíràn sí ẹ̀yìn, ó kọ ti òmíràn sí abẹ́ ikùn níbi tí ẹni tó ń kánjú kò ní rí i. Ẹni tó bá mọ ilà wọn kà kò ní pa ẹni tó ń ṣọ́ ilé fún un, kò sì ní fi ọwọ́ lásán mú ẹni tó lóró.

Gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ eléyìí. Rọra, má fọwọ́ kàn án. Bó bá na ẹsẹ̀ tán, ó tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ, ẹsẹ̀ náà sì tẹ̀ síwájú bíi ti akàn. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ. Ní báyìí, wo iwájú orí rẹ̀, lókè ẹnu, lábẹ́ àwọn ojú. Ǹjẹ́ o rí ìlà funfun yẹn, tó lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun fà á? Ilà ìdílé rẹ̀ nìyẹn. Bí o bá ti rí i, ọdẹ ni. Kì í ta àwọ̀n láti fi mú ẹran. Òru ló ń jáde, eré ẹsẹ̀ ló fi ń lé aáyán bá, títí kan àwọn aáyán ńlá inú ṣalángá tí ẹ̀yin ń sá fún. Nígbà tí Carl Linnaeus, ará Sweden, fún un lórúkọ ní 1767, ọdẹ náà ló pè é ní èdè Látìnì. Ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ní ó ti bá ẹrù inú ọkọ̀ ojú omi dé gbogbo ilẹ̀ olóoru. Àlejò ni, ṣùgbọ́n ó ti di ọmọ ilé, kò sì gba owó oṣù lọ́wọ́ wa.

Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ohun pẹlẹbẹ funfun tó gbá mọ́ àyà yẹn, tó dà bí owó onírin, àpò ẹyin rẹ̀ ni. Ẹyin inú rẹ̀ lè tó 200. Ibi gbogbo tó bá ń lọ ló ń gbé e lọ, títí wọn yóò fi pa.

Mo mọ ohun tó wà nínú àpò yẹn, nítorí mo ti ya á rí. Mo jẹ́ ọmọ bí ọdún 10 nígbà náà. Mo fi ìgbálẹ̀ lu irú aláǹtakùn yìí pa nínú yàrá ìyá mi àgbà. Àpò náà ya, àwọn ọmọ tú jáde, wọ́n kéré ju ọkà bàbà lọ, wọ́n funfun, wọ́n sì ń rìn lórí òkú ìyá wọn. Ìyá mi àgbà kò nà mí. Ó dúró, ó ń wò wọ́n, ó ní, "Abiyamọ lo pa yìí o." Ó ti lé ní 60 ọdún. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn yẹn, òun náà ló sì jẹ́ kí n pariwo mọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.

Bí ẹ bá rí èyí tó jọ aláǹtakùn ara ògiri yìí, tí kò ní ìlà ẹfun níwájú, tó sì pẹlẹbẹ débi pé ó lè wọ àárín férémù ilẹ̀kùn àti ògiri, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àmì dúdú dúdú, ìdílé ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ rí i bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ògiri bí ẹni pé wọ́n yà á síbẹ̀, àmọ́ ẹ má rò pé ó ń sùn. Ní 2018, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà fi kámẹ́rà tó ń ya àwòrán ní wàrà-wàrà wò ó. Bí kòkòrò bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, yóò yí padà, yóò sì ti mú un láàrin ìdá kan nínú mẹ́jọ ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n ní àwọn kò tíì rí ẹranko mìíràn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ tó ń yí padà yára tó o.

Àwọn tó wà lókè àjà, tí ẹsẹ̀ wọn gùn tín-ín-rín bí irun, ẹ mọ àwọn yẹn. Àwọn ló ń sọ igun ilé di jànkáríwọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀kan nínú wọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àwọ̀n rẹ̀ títí ojú yín kò fi ní rí i mọ́, bí abẹ̀bẹ̀ iná mànàmáná tó ń yí. Kò ní ilà tó hàn. Ìgbọ̀nrìrì yẹn ni ilà rẹ̀. Abo wọn máa ń kó ẹyin rẹ̀ jọ, á fi okùn díẹ̀ dì í, á sì fi ẹnu gbé e.

Ọ̀kan tó kéré tún wà nínú ilé tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́. Ó rọra ń rìn bí arúgbó, ara rẹ̀ ràndánràndán pẹ̀lú tóótòòtó dúdú, orí rẹ̀ sì yọ gẹ̀gẹ̀ bí ẹni tó ní iké. Ojú mẹ́fà ló ní, nígbà tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní mẹ́jọ. Kò lè sáré, nítorí náà itọ́ ló ń tu. Bí ẹ̀fọn bá bà sí iwájú rẹ̀, á tu okùn olóje láti ẹnu, á tu ú ní wọ́kuwọ̀ku, ọ̀tún-òsì, kí ojú tó ṣẹ́, ẹ̀fọn ti lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé ojú mi ń tàn mí ni.

Ní ojú fèrèsé, nígbà tí oòrùn bá ràn, ẹ ó rí afò. Bẹ́ẹ̀ ni èmi ṣe ń pè é, nítorí fífò ló ń fò. Akọ rẹ̀ dúdú, ìlà funfun fífẹ̀ kan wá láti iwájú orí dé ìdí, ìlà funfun mìíràn sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí ọmọ tó wọ aṣọ onílà láti lọ sí òde. Abo kò wọ irú rẹ̀; àwọ̀ ilẹ̀ ni tirẹ̀, àmì funfun roboto méjì sì wà nítòsí ìdí. Àwọn tó bá rí akọ àti abo lọ́tọ̀ máa ń rò pé ìdílé méjì ni. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lára afò ni ojú rẹ̀. Méjì nínú àwọn ojú iwájú tóbi, wọ́n ń dán bí gíláàsì, bí o bá sì gbé ìka sí ọ̀tún, á yíjú sí ọ̀tún. Bí o bá gbé e sí òsì, á yíjú sí òsì. Mi ò mọ kòkòrò mìíràn nínú ilé yìí tó ń wo ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan wà ní ẹ̀bá adágún Victoria ní Kenya, tó jẹ́ pé nínú gbogbo ohun jíjẹ, abo ẹ̀fọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀jẹ̀ yó ló wù ú jù. Ẹ̀yin tí ibà ti mú rí, ẹ rò ó wò.

Má bẹ̀rù, ìwọ tí o ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Wọ́n ti sọ fún ọ pé aláǹtakùn máa ń tọ̀ sí ènìyàn lára lójú oorun. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ènìyàn á jí lówùúrọ̀, ọrùn rẹ̀ á pọ́n, á lé, á máa ta á bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára, gbogbo ilé á sì ní ìtọ̀ aláǹtakùn ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, kòkòrò kan tó ń wá sídìí iná lásìkò òjò ló ṣiṣẹ́ náà. Kò gùn tó ìka, ó rí tín-ín-rín bí ẹ̀là igi ìṣáná. Orí rẹ̀ dúdú, ọrùn rẹ̀ pupa, ìyẹ́ kúkúrú ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí aró, ikùn rẹ̀ tún pupa, ìdí rẹ̀ dúdú. Kì í ta, kì í sì í gé ni jẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa sára, omi inú rẹ̀ yóò jó ọ. Torí náà, bó bá bà lé ọ, fẹ́ ẹ dànù ni. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ kíákíá, má sì fi ọwọ́ yẹn nu ojú. Ka ẹsẹ̀ rẹ̀: mẹ́fà ni. Mẹ́jọ ni ti aláǹtakùn. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ni a ti ń dì ru ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ.

Mi ò wá sọ pé gbogbo wọn ni ẹ máa fi ọwọ́ pa lórí o. Ọ̀kan wà nínú àgbàlá yìí tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bí ẹ ṣe mọ orúkọ ara yín.

Lọ́dún tó kọjá, mo fẹ́ gbé àpótí ìjókòó mi àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo bẹ̀rẹ̀, mo kọ́kọ́ wo abẹ́ rẹ̀. Àwọ̀n kan wà níbẹ̀ tó rí wúruwùru, kò ní ètò, àmọ́ nígbà tí mo fi igi fà á, ó le, ó ń ró pẹẹ bí ẹni ń já okùn ìránṣọ. Ohun roboto mẹ́ta so kọ́ sí inú rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀gún ṣóńṣó ṣóńṣó yíká, bí èso igbó tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Nígbà tí mo rí ohun ẹlẹ́gùn-ún yẹn, mo ti mọ ẹni tó ni ilé. Òun fúnra rẹ̀ wà ní igun, kò tóbi, ikùn rẹ̀ roboto bí ẹ̀wà erèé, àwọ̀ rẹ̀ bí ilẹ̀ tí òjò rọ̀ sí, ìlà dúdú àti funfun tò mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúdú. Ó dojú ikùn kọ òkè bí ìṣe ìdílé rẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ilà náà wà ní abẹ́ ikùn gan-an: gángan. Ìlù gángan ni wọ́n yà síbẹ̀, ó fẹ̀ lókè, ó fún láàrin, ó tún fẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì pọ́n bí epo pupa.

Bí ẹ bá rí gángan yẹn, ẹ dúró. Oró wà nínú rẹ̀. Carl Ludwig Koch, ará Jámánì, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1841, ó sì fi àwọn ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ojú ń tì í ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kì í lé ènìyàn, á ká ẹsẹ̀ jọ, á sì já bọ́ sílẹ̀ bí òkú. Ìgbà tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ àpótí, tàbí tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ nínú bàtà, ni ó ń gé ni jẹ. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ìrora ojú ibẹ̀ ni, á sì lọ. Ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá gé ọmọdé jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù lé e, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi abẹ sín ojú ibẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fà á. Ẹ máa gbọn bàtà kí ẹ tó kì í bọ ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa wo abẹ́ korobá àti ìkòkò òfìfo kí ẹ tó gbé e. Ìyẹn tó.

Ẹ yí iṣu yẹn padà.

Ẹ jẹ́ ká jáde lọ sí inú ọgbà. Ní àárín ilá àti gbágùúdá, ní ìparí òjò, ẹ ó rí ọlọ́fì. Bí ẹ bá wo ẹ̀yìn rẹ̀, òfì ni wọ́n hun síbẹ̀ lóòótọ́: fàdákà, dúdú, àwọ̀ ìyeyè, ìlà sórí ìlà. Ó máa ń dorí kodò ní àárín àwọ̀n, á so ẹsẹ̀ pọ̀ méjì méjì títí á fi dà bí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, á sì fi okùn funfun nípọn kọ ohun kan tó ń lọ ní wọ́kuwọ̀ku sára àwọ̀n náà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn nípa iṣẹ́ tí ìkọ̀wé yẹn ń ṣe. Àwọn kan ní ó ń fa kòkòrò mọ́ra, àwọn kan ní kí ẹyẹ lè rí àwọ̀n ni, kó má bàa fò já a. Tata tó ń jẹ ewé gbágùúdá wa ni oúnjẹ rẹ̀. Kò lè ṣe yín ní nǹkan kan.

Èyí tó ń ta wúrà ńkọ́? Ẹ ti rí okùn rẹ̀ láàrin igi ọsàn méjì, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá bọ́ sí i, tó ń pọ́n bí wúrà. Àwọ̀ okùn náà gan-an nìyẹn, kì í ṣe oòrùn ló fún un. Abo rẹ̀ gùn tó oríkèé àtàǹpàkò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní òrùka dúdú àti àwọ̀ ìyeyè. Akọ rẹ̀ sì kéré débi pé ẹ ó rò pé kòkòrò tó há sínú àwọ̀n ni. Ìbátan rẹ̀ kan fẹ́ràn abẹ́ òrùlé, á fi okùn ṣe ihò kan mọ́ ògiri, ibẹ̀ ló ń sá sí ní ọ̀sán. Ẹ má fi ẹ̀yìn dá eléyìí mọ̀. Ẹ dúró sísàlẹ̀, ẹ wo àyà rẹ̀. Bó bá pupa bí osùn, òun ni.

Ẹ mọ sányán? Aṣọ àwọn ọlọ́lá ni, òwú kòkòrò inú igbó ni wọ́n fi ń hun ún. Mo ti rò pé kò sí aṣọ tó ju ú lọ títí tí ọmọ àbúrò mi fi fi àwòrán kan hàn mí. Ní erékùṣù Madagascar, Simon Peers àti Nicholas Godley kó àwọn ènìyàn jọ, wọ́n ń mú aláǹtakùn olókùn wúrà ní òwúrọ̀, wọ́n ń rọra fa okùn lára wọn, wọ́n sì ń dá wọn padà sínú igbó. Ó lé ní mílíọ̀nù kan aláǹtakùn tí wọ́n fa okùn lára wọn, ó sì gbà wọ́n ní ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó hun aṣọ kan ṣoṣo. Wọ́n gbé e síta ní New York ní 2009. Wọn kò pa á láró rárá. Bó ṣe ti ìdí aláǹtakùn jáde ló ṣe pọ́n. Mo wo àwòrán yẹn títí iná fóònù fi kú, ọmọ náà ní, "Bàbá, ṣé kò tíì sú yín?" Mo ní kó tún tàn án.

Bí ẹ bá dé ìdí máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn èèrà pupa ti ń fi ewé ran ilé, ẹ máa ka ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ pè ní èèrà yẹn lè máà jẹ́ èèrà. Afò kan wà tó ní ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tèèrà, ó ń rìn bíi tèèrà, ó sì gbé ẹsẹ̀ iwájú méjì sókè, ó ń mì wọ́n bí ìwo orí èèrà. Ẹyẹ tó ń bẹ̀rù ìjẹ èèrà kò ní fẹnu kàn án. Mẹ́jọ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bí o bá kà á dáadáa. Àwọn tó ń ka irú aláǹtakùn ní gbogbo ayé ní ó pé 50,000 tí a ti fún lórúkọ ní 2022. Nínú àgbàlá kan ṣoṣo yìí, èmi ti mọ bíi 20.

Ó ku ẹyọ kan. Ohun tí mo torí rẹ̀ pè yín jókòó nìyí.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, mo gun igi irúgbá ńlá tó wà lójú ọ̀nà odò Anié, mo ń wá oyin. Mo fẹ́ ki ọwọ́ bọ ihò kan lára igi náà. Mo rí i pé èèpo igi tó wà lẹ́nu ihò náà mí. Kì í ṣe èèpo igi. Aláǹtakùn ni, ó nà gbalaja, ó tóbi ju ọwọ́ mi lọ, irun bo gbogbo ara rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ funfun eérú tí wọ́n wọ́n dúdú sí, gẹ́lẹ́ bí ara igi tó jókòó lé. Láti àárín ẹ̀yìn àyà rẹ̀, ìlà dúdú tàn káàkiri bí ìtànṣán ìràwọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì sì nípọn ju ti iwájú lọ fíìfíì, bí ẹni tó wọ kẹ̀ǹbẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ilẹ̀. Mo kàn bá ara mi nísàlẹ̀ ni.

Reginald Innes Pocock, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló fún un lórúkọ: Heteroscodra maculata. Igbó ilẹ̀ wa àti ti Ghana ni ilé rẹ̀. Àwọn tó ń sin irú rẹ̀ nínú ilé gíláàsì ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi orúkọ orílẹ̀-èdè wa pè é, wọ́n ní aláǹtakùn oníràwọ̀ ti Togo. Oró rẹ̀ kò ṣeé fi ṣeré. Ìrora rẹ̀ máa ń pọ̀, ẹran ara a sì máa sún kì. Ìwọ̀nyí ni mo mọ̀ nípa rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì kórìíra rẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nígbà èwe. Àwa méjèèjì la jọ ń da ewúrẹ́ lọ sí ẹ̀bá odò. Wárápá ń ṣe é. Ó ti ń ṣe é láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ibà ni wọ́n ní ó kọ́kọ́ mú un wá. Bó bá gbé e ṣubú, àwọn ènìyàn á sá sẹ́yìn, wọ́n á ní kí a má jẹ́ kí itọ́ rẹ̀ kàn wá. Irọ́ ni. Wárápá kì í ràn. Àmọ́ èmi náà sá, ọmọdé ni mí, mo ṣe bí àwọn àgbà ti ń ṣe. Ọjọ́ tó gbé e ṣubú sínú odò, kò sí ẹni tó wà nítòsí tó láyà láti fọwọ́ kàn án kíákíá. Mo wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mu omi.

Ní 2016, ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Nature. David Julius wà lára àwọn tó ṣe é, ẹni tó wádìí bí ata ṣe ń ta wá lẹ́nu, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Glenn King ti Yunifásítì Queensland ní ilẹ̀ Ọsirélíà náà wà níbẹ̀. Wọ́n yẹ oró ẹranko tó lé ní 100 wò, ti aláǹtakùn, ti àkéekèé, ti ọ̀kùn. Èyí tí wọ́n yàn nínú gbogbo rẹ̀ ni ti oníràwọ̀ wa. Wọ́n rí ohun kan nínú oró náà, wọ́n pè é ní Hm1a, tó ń ṣí irú ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo lára iṣan ara. Ẹ fetí sílẹ̀: iṣan ara wa ní àwọn ẹnu-ọ̀nà kéékèèké tí iyọ̀ ń gbà wọlé kí iṣan tó lè ránṣẹ́. Oríṣiríṣi ni wọ́n. Èyí tí oró oníràwọ̀ ń ṣí yìí, òun gan-an ni kò pé lára àwọn ọmọ tó ní wárápá líle kan tí dókítà Charlotte Dravet ti ilẹ̀ Faransé kọ nípa rẹ̀ ní 1978. Inú ọdún àkọ́kọ́ ayé ọmọ ni irú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibà ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ ta á jí. Nínú ọpọlọ wọn, àwọn iṣan tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mú kí àwọn yòókù dákẹ́ kò lágbára tó, nítorí ẹnu-ọ̀nà wọn kò pé.

Ní 2018, Glenn King àti àwọn onímọ̀ ní Melbourne fi Hm1a sínú ọpọlọ àwọn èkúté tó ní irú àrùn yẹn. Gìrì wọn dín kù. Àwọn tí ìbá kú yè. Èkúté ni o, kò tíì di oògùn tí ẹ lè rà ní ilé oògùn, iṣẹ́ ṣì pọ̀ níwájú kó tó dé ara ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ àbúrò mi ka ibẹ̀ fún mi, mo ní kó dúró. Mo bọ́ sí ìta. Odò tó gbé ọ̀rẹ́ mi lọ àti igi tí ẹranko yẹn ń gbé, wọn kò jìnnà síra wọn ju ibi tí ọmọdé lè sọ òkúta dé lọ.

Igi irúgbá náà ṣì wà lójú ọ̀nà odò. Ihò ara rẹ̀ ti pọ̀ sí i. Ẹni tó ni ilẹ̀ náà báyìí fẹ́ gé e sun ní èédú, mo sì ti lọ bá a lẹ́ẹ̀mejì pé kó fi í sílẹ̀. Ó ní òun yóò rò ó. Lọ́la, bí oòrùn bá ti yọ, kí gbogbo yín bá mi lọ bẹ̀ ẹ́.